Iná ìkìlọ̀ sàlẹ́ńsà ń tàn nínú kòrópe àtijọ́ tó bá ti ń gun òkè

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kòrópe kan ni mo gbé wá. Sílíńdà mẹ́ta ni, 660 cc, kábúrétọ̀ ló ń lò, dìsìtíríbútọ̀ ló ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì sì wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Ẹrù ló ń kó láàrin Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Ìyàrá àti Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Nígbà mìíràn ó máa ń dé Ọbajànà.

Iná pupa kan tí wọ́n kọ EXH TEMP (ìyẹn, ooru èéfín) sí ló ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní àárọ̀, kò sí nǹkan. Lórí títì tó tẹ́jú, kò sí nǹkan. Àmọ́ tí ẹrù bá kún un, tó sì ń gun òkè ní jíà kejì, iná á tàn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí a bá dúró kó sinmi, á kú. Epo tó ń mu ti lé sí i, òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ ń jáde lẹ́yìn, ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí a ń gbé ẹrù lé sì máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀. Sílò rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró, ń gbọ̀n díẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n gé wáyà iná yẹn. Ẹlòmíràn ní kí n tú kátálístì, ohun inú páìpù sàlẹ́ńsà tó ń jó ìdọ̀tí èéfín, dànù. Kí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Rẹ́wáyà_Kàbà

Òkun. Ẹ má gé wáyà kankan o. Lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan ni iná yìí pọ̀ sí, ì báà jẹ́ Suzuki, Daihatsu, Subaru tàbí Mitsubishi. Ohun tó ń sọ ni pé kátálístì tó wà nínú páìpù sàlẹ́ńsà ti gbóná kọjá ààlà, tàbí pé ilẹ̀ ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ti ń gbóná jù. Sẹ́ńsọ̀ àwọn kan wọ inú kátálístì gan-an. Ti àwọn mìíràn jẹ́ súwíìṣì tí wọ́n dè mọ́ abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo èyí tó wà lára tiyín, torí ọ̀nà tí a ń gbà dán wọn wò kò jọra.

Kátálístì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà láàrin 400 sí 800 °C. Tó bá ti ń kọjá 900, ohun tí wọ́n kùn sínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tí ooru bá ṣì ń lé sí i, inú rẹ̀ á yọ́, á sì dí páìpù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ooru tòótọ́ ni àbí wáyà ló ń purọ́? Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn á tàn láti fi hàn pé gílóòbù rẹ̀ ṣì dára. Ẹ wá sítáàtì: ó yẹ kó kú. Tí kò bá kú, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni, nítorí kò sí kátálístì tó lè gbóná kọjá ààlà láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tó bá kú, tó sì jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ru ẹrù tó ń gun òkè ló ń padà tàn, ẹ gbà pé òótọ́ ló ń sọ.

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, ó sì kú bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbá.

Ọ̀gá_Súpánà

Ooru tòótọ́ nìyẹn. Pẹ̀lú òórùn ẹyin bíbàjẹ́ àti sílò tó ń gbọ̀n, mi ò ní kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ pílọ́ọ̀gì ni mo máa lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kátálístì kì í dá gbóná kọjá ààlà. Epo tí kò jó nínú sílíńdà ló máa ń lọ jó nínú rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́ta bá ń mísì nínú sílíńdà kan, tí epo kò jó níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta epo tó ń mu ń kọjá lọ sínú sàlẹ́ńsà ní tútù, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jó o. Ibẹ̀ ni iná ti máa sọ. Tí ọkọ̀ kò bá ru nǹkan, epo yẹn kéré, páìpù sì lè gbà á. Tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tọ́tù ṣí, epo pọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá kò sì tó torí pé ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Òórùn ẹyin yẹn pàápàá, sọ́fọ̀ (sulphur) inú epo ni: tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kátálístì á sọ ọ́ di gáàsì olóòórùn yẹn.

Ẹ wá sílíńdà tó ń mísì báyìí:

Ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì ní tútù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ ta omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu páìpù mánífóòdù èéfín kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ìkán omi kan ti tó, ẹ má da omi lé e. Èyí tí omi rẹ̀ gbẹ ṣáá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ láì hó ni sílíńdà tó kú.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a máa yọ wáyà pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan níbi sílò. Èyí tí a yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà, òun ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, nítorí gbogbo ìgbà tí wáyà bá fi wà níta ni epo tútù ń wọ kátálístì. Ẹ fi pílọ́ọ̀gì àtijọ́ kan sí ẹnu wáyà tí ẹ yọ, kí irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kí iná lè ríbi lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́ìlì lè jó.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Àwọ̀ eérú tàbí ti ilẹ̀ gbígbẹ dára. Dúdú gbígbẹ bí ẹ̀fú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù. Dúdú tútù tó ń rùn epo, iná kò jó níbẹ̀. Tó bá ní òróró, ríìngì písítìn tàbí síìlì fáàfù ni. Àlàfo ẹnu wọn ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-kábúrétọ̀ irú èyí jẹ́ 0.7 sí 0.8 mm. Ẹ fi fílà gééjì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú díwọ̀n.

Sàlẹ́ńsà_Mọ̀pà

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá wí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dáhùn lórí títú kátálístì dànù, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá fún àwa wẹ́dà.

Tí ọkọ̀ bá ń mísì, tí ẹ wá fi páìpù lásán dípò kátálístì, epo tí ì bá jó níbẹ̀ á lọ jó nínú sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn. Ẹ ó máa gbọ́ ìbúgbàù tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ojú ìsopọ̀ sàlẹ́ńsà á sì bẹ́. Sẹ́ńsọ̀ náà kò ní ilé mọ́. Wọ́n á so ó kọ́ lábẹ́ ọkọ̀, wáyà rẹ̀ á kan páìpù, á yọ́, iná á tún máa tàn. Ẹ ó ti ta kátálístì, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kíkúrò rẹ̀ fi lè pọn dandan ni tó bá ti dí. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ so gééjì fákúùmù, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, mọ́ mánífóòdù tó ń gba afẹ́fẹ́. Ní sílò, ó yẹ kó wà láàrin 17 sí 21 inHg. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí 2,500 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kí ẹ mú un dúró níbẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ gééjì bá ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láì dúró, èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Tí ibi kan bá wà tí ẹ lè so gééjì ìfúnpá mọ́ ṣáájú kátálístì, ó yẹ kó wà lábẹ́ 1.25 psi ní sílò, kó má sì kọjá 3 psi ní 2,500 rpm.

Ẹni tí kò ní gééjì lè fi ọwọ́ lu kátálístì nígbà tó bá tutù. Tó bá ń dún wọ̀jàwọ̀jà, inú rẹ̀ ti fọ́. Àmọ́ èyí tó yọ́ pọ̀ di odidi kan kì í dún, nítorí náà ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sọ pé ó dára.

Ìyá_Ẹlẹ́rù_Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Irú kòrópe yẹn ló ń kó gààrí àti iṣu láti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Tiwa yàtọ̀ o. Iná náà ń tàn láti ìgbà tí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí tí wọ́n á fi pa á. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìǹ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí òsì. Kò mu epo ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń fà dáadáa. Ṣé a lè máa rù ú lọ?

Rẹ́wáyà_Kàbà

Ẹ kú òwò, mà. Nínú ti yín, wáyà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí wọ́n bá gbé sítíárìǹ láti ọ̀tún sí òsì, dáṣíbọ́ọ̀dù á kọjá sí òdìkejì, wáyà kò ní gùn tó, wọ́n á gé wọn, wọ́n á fi òmíràn lọ́ wọn pọ̀. Ibi ìsopọ̀ yẹn ni ìjàngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí rẹ́wáyà yín ṣe báyìí. Kó wá ìsopọ̀ sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wáyà rẹ̀ máa ń gba ojú ilẹ̀ jáde nínú rọ́bà kan nítòsí kátálístì. Kó yọ ọ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó tutù, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kó sítáàtì. Tí iná bá kú, sẹ́ńsọ̀ náà ti sọ́ọ̀tì. Tí kò bá kú, wáyà láti ibẹ̀ dé dáṣíbọ́ọ̀dù ti kan ara irin níbì kan: abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ pọ̀.

Ọ̀gá_Súpánà

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, rẹ́wáyà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà kékeré wọn ń ṣọ́ sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá yọ ìsopọ̀ wọn, iná á *tàn* dípò kó kú, nítorí wọ́n ka wáyà tó já sí ewu.

Rẹ́wáyà_Kàbà

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi mítà kún un, kí a má gbára lé iná nìkan. Sẹ́ńsọ̀ tó wọ inú kátálístì, tó bá jẹ́ irú èyí tí ìdènà rẹ̀ sí iná ń dínkù bó ṣe ń gbóná, mítà á fi ìdènà tó ga gan-an hàn ní tútù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kilo-ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa sọ̀ tí ẹ bá fi iná gáàsì yá a díẹ̀. Tó bá fi òdo hàn ní tútù, ó ti bàjẹ́. Súwíìṣì abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣí ní tútù (iná kò ní kọjá), wọ́n á sì pa pọ̀ tí ooru bá dé (iná á kọjá), àwọn díẹ̀ sì jẹ́ òdìkejì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó yí padà láàrin tútù àti gbígbóná. Èyí tí kò yí padà kò wúlò.

Mà, lórí pé ṣé ẹ lè máa rù ú lọ: tí ìdánwò bá fi hàn pé wáyà ni, ọkọ̀ kò ní ewu ooru. Àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí iná tó ń tàn nígbà gbogbo kò lè kìlọ̀ fún awakọ̀ yín lọ́jọ́ tí ooru tòótọ́ bá dé. Kí ó sì tó di ọjọ́ ìdánwò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé jálá epo tàbí kẹrosínì sórí ibi tí kátálístì wà.

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, èsì dé. Sílíńdà kejì ni omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú, ó tutù, ó ń rùn epo. Ti èkíní àti ẹ̀kẹta dúdú gbígbẹ. A gbé pílọ́ọ̀gì kejì lọ sí ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹta wá sí kejì. Sílíńdà kejì ṣì ń mísì.

Ọ̀gá_Súpánà

Ó dára bẹ́ẹ̀. Tí àìsàn náà kò bá bá pílọ́ọ̀gì lọ, a jẹ́ pé wáyà, káàpù dìsìtíríbútọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni. Wáyà ló rọrùn jù láti wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ yọ wáyà kejì, ẹ fi mítà sí 200 kilo-ohm, ẹnu kan níhìn-ín, ẹnu kejì lọ́hùn-ún. Wáyà oníkábọ̀n tó gùn ní mítà kan kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi 20 sí 25 kilo-ohm. Ti kòrópe kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ kó kéré sí i. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Wáyà tó já nínú lè dára tó bá nà, kí ó sì já tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá dé ibi káàpù, ẹ wo kábọ̀n kékeré àárín rẹ̀ bóyá ó ti jẹ tán, kí ẹ sì wá ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú irin kan sí èkejì. Ọ̀nà tí iná ń gbà sá nìyẹn, fífọ̀ kò sì lè wò ó sàn. Káàpù tuntun ni.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára, ẹ wọn kọmpurẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó: ẹ́ńjìnnì gbóná, pílọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta, wáyà kọ́ìlì yọ, ẹ tẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí sítátà yí i nǹkan bí ìgbà mẹ́fà. Láàrin 150 sí 190 psi dára fún ọ̀pọ̀ wọn. Tí ọ̀kan bá fi ju 15 psi lọ kéré sí àwọn yòókù, fáàfù, ríìngì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ da òróró bíi ṣíbí kan sínú rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ tún àlàfo fáàfù ṣe ná kí ẹ tó tú orí ẹ́ńjìnnì.

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Wáyà kejì ló já. Mítà kò fi nǹkankan hàn tí a bá tẹ̀ ẹ́ nítòsí pílọ́ọ̀gì. A fi wáyà tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pílọ́ọ̀gì tuntun mẹ́ta ní 0.8 mm. Sílò ti dákẹ́. Òkè tó ń mú kí iná tàn tẹ́lẹ̀, a gùn ún láì sí iná. Àmọ́ tí òkè bá gùn, tó sì jẹ́ pé ẹrù kún dáadáa, ó ṣì tàn lẹ́ẹ̀kan. Òórùn ẹyin dínkù, kò tán.

Ọ̀gá_Súpánà

Pílọ́ọ̀gì èkíní àti ẹ̀kẹta ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: dúdú gbígbẹ, epo pọ̀ jù. Àrùn méjì ló wà lára rẹ̀, ẹ ti wo ọ̀kan sàn.

Fíltà afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà Ọbajànà, láàrin eruku tí àwọn tírélà ń gbé sókè, fíltà rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Tí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi omi fọ fíltà oníwèé.

Èkejì, chọ́ọ̀kù, ewé tó ń dí afẹ́fẹ́ kù lẹ́nu kábúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ irú ọkọ̀ yìí ní chọ́ọ̀kù tó ń ṣí fúnra rẹ̀: ooru omi rédíétọ̀ ló ń mú ìda inú rẹ̀ wú, ìda yẹn ló sì ń ti chọ́ọ̀kù ṣí. Tí omi kò bá gbóná tó, chọ́ọ̀kù kò ní ṣí tán. Ẹ sọ fún mi, ṣé támósítáàtì wà nínú ọkọ̀ yẹn?

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Kò sí. Bí a ṣe ra ọkọ̀ náà, ilé rẹ̀ ṣófo.

Ọ̀gá_Súpánà

Mo ti rò ó. Wọ́n ti sọ yíyọ támósítáàtì di àṣà káàkiri ilẹ̀ wa, pé ooru ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná tó, nǹkan bíi 82 °C fún ọ̀pọ̀ wọn, kó tó jẹ́ kó lọ sí rédíétọ̀. Láìsí i, omi á máa yí ká ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tàbí tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí títì. Chọ́ọ̀kù á wà ní ààbọ̀, epo á pọ̀ jù, kátálístì á máa jó àṣẹ́kù rẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ rò pé òun ń lé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó wá kó ooru lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ ra òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ilé rẹ̀ mu. Kí ẹ tó dè é, ẹ so ó kọ́ nínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú tẹ̀mómítà. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní iye tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀, kó sì pa padà tí omi bá tutù. Tó bá ní ihò kékeré tàbí abẹ́rẹ́ tó ń mì, ẹ dè é kí ìyẹn wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ bu omi kún un díẹ̀díẹ̀, kí híítà wà ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú. Fáànù rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó jáde.

Lẹ́yìn tó bá gbóná, ẹ ṣí ìdérí fíltà wo ẹnu kábúrétọ̀: ewé chọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó má dí ọ̀nà rárá. Ẹ wo fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ tí tiyín bá ní in. Epo gbọ́dọ̀ wà ní àárín rẹ̀ ní sílò. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ti jẹ, tàbí ìdọ̀tí há sí i lẹ́nu.

Rẹ́wáyà_Kàbà

Ẹ má gbàgbé tímìn o, ìyẹn àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń ta iná. Tí iná bá pẹ́ jó, epo á ṣì máa jó nígbà tí fáàfù èéfín bá ti ṣí, ooru á sì bá èéfín jáde. Ẹ fa páìpù fákúùmù tó wọ ara dìsìtíríbútọ̀ pẹ̀lú ẹnu, pẹ̀lú káàpù tó ṣí. Àwo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí díẹ̀, kó sì dúró níbẹ̀ tí ẹ bá fi ahọ́n dí i. Tí afẹ́fẹ́ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi tímìn láìtì wò ó, pẹ̀lú páìpù yẹn ní yíyọ àti dídí, kó bá àmì tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ mu. Fífi etí gbọ́ tímìn kò tó fún ọkọ̀ tó ní kátálístì.

Sàlẹ́ńsà_Mọ̀pà

Nǹkan kan tún wà tí àwọn awakọ̀ ń ṣe lójú ọ̀nà wa yìí. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nínú jíà, pé àwọn ń ṣọ́ epo lò. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ó lè máa fa epo, pílọ́ọ̀gì kò sì ní iná. Gbogbo epo yẹn ń lọ sínú kátálístì tó ti gbóná láti ìgbà tí ọkọ̀ ń gun òkè. Tí wọ́n bá wá yí kọ́kọ́rọ́ padà nísàlẹ̀, ìbúgbàù ni. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi jíà dì í mú. Bákan náà ni títi ọkọ̀ sítáàtì léraléra nígbà tí kò bá fẹ́ gbá: ẹ wá ohun tó ń ṣe é ná.

Ìyá_Ẹlẹ́rù_Ìsánlú

Ẹ ṣé o. Rẹ́wáyà ti rí i: wáyà kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti bó, ó ń kan irin. Iná ti ń kú bó ṣe yẹ báyìí. Tí irú ti Gbẹ̀dẹ̀ yẹn bá wá tàn ní ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ńkọ́, kí ni kí awakọ̀ ṣe?

Ọ̀gá_Súpánà

Kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mà, kó wá ibi tó mọ́ dúró sí: ilẹ̀ pupa, kọ́ńkéré tàbí eteetí títì. Kó má dúró lórí koríko gbígbẹ rárá. Nígbà ọyẹ́, kátálístì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè ran koríko, ọkọ̀ á sì jóná pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń mísì, kó pa á lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá mísì, kó jẹ́ kó wà ní sílò ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó pa á. Kó má da omi sábẹ́ ọkọ̀, nítorí ohun amọ̀ inú kátálístì lè là. Kó dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó dín ẹrù kù tó bá ṣeé ṣe, kó sì fi jíà kékeré wá sílé díẹ̀díẹ̀. Tí òórùn èéfín bá ń wọ inú ọkọ̀, kí gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Gáàsì olóró inú èéfín kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tirẹ̀.

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó bo kátálístì náà. Ìpẹta máa ń jẹ bọ́ọ̀tì rẹ̀, á já bọ́ sọ́nà, kò sì sẹ́ni tó ń ra òmíràn. Òun ló ń dáàbò bo ilẹ̀ ọkọ̀ àti àpò gààrí yín. Wẹ́dà lè fi páànù irin ṣe òmíràn, kí àlàfo tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ wà láàrin rẹ̀ àti páìpù.

Awakọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Támósítáàtì tuntun ti wọlé, chọ́ọ̀kù ti ń ṣí tán, fíltà tuntun. Rọ́bà fákúùmù dìsìtíríbútọ̀ ya lóòótọ́, a ti pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi láìtì tún tímìn ṣe. Ọkọ̀ ti gun òkè ní jíà kejì pẹ̀lú ẹrù kíkún lọ sí Kàbà, iná kò tàn. Òórùn ẹyin ti tán. Ìbéèrè kan ló kù: wáyà sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ti gan, ó fẹ́ já. Ṣé mo lè fi sọ́dà lẹ̀ ẹ́?

Rẹ́wáyà_Kàbà

Rárá, ẹ má fi sọ́dà lẹ̀ ẹ́ nítòsí kátálístì. Sọ́dà oníléédì tí a sábà ń lò ń yọ́ ní nǹkan bíi 183 °C, ibẹ̀ sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé apá tó gan kúrò, ẹ fi irin ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi púláyà fún pa á pọ̀, kí ìsopọ̀ yẹn wà lókè ilẹ̀ ọkọ̀, nínú, kì í ṣe lábẹ́. Ẹ ki apá ìsàlẹ̀ bọ inú páìpù aláṣọ gíláàsì tí ooru kì í jó, kí ẹ sì dì í mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú ìdè irin, jìnnà sí páìpù. Téèpù dúdú kò ní pẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ní láti tú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fi òróró ìpẹta rin ín láti àṣálẹ́ ọjọ́ ṣáájú, nígbà tó tutù, kí ẹ sì fi girísì oníkọ́pà díẹ̀ sí ojú ìlọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dè é padà, kó má kan orí sẹ́ńsọ̀.